Ìjánu Bramble

Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ ni ọkàn Hester Kearton kò ti balẹ̀. Ó de ìjánu Bramble, ó tú u, ó tún un dè. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí ni ẹṣin náà, dúdú bí kóró iṣin, a-ta-bí-ọfà, ti gbé e sá lọ lórí òkè Middleham, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹṣin sáré ìdánrawò. Ọ̀gá ilé ẹṣin wọn ti sọ ọ́: bó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òun á pa orúkọ Hester rẹ́ níwájú ti Bramble lára pátákó iṣẹ́, òun á kọ ti Dinah, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, sí i.

"Ṣé kí n ti máa kọ orúkọ mi síbẹ̀ fúnra mi?" Dinah bi í látorí ẹṣin tirẹ̀.

Kí Hester tó fèsì, Bàbá Ambrose, tó ti gun ẹṣin fún àádọ́ta ọdún, ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó gbé e sórí gàárì.

"Kí ni ọ̀gá ní kó o ṣe?"

"Wọ́n ní kí n kó o níjàánu, Bàbá. Mo sì ń fà á. Apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já."

"Ta ló ní kó o fà á? Bó o bá fà á, o fún un lóhun tó máa bá jà. Gbé ọwọ́ tòun ti ìjánu lé e lọ́rùn, kó o fi í síbẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú..."

"Kì í bàjẹ́. Mo ti gbọ́, Bàbá."

"Etí ẹ ló gbọ́. Ọwọ́ ẹ ò tíì gbọ́."

Wọ́n tò gun òkè. Olúwa, di ọwọ́ mi mú, ni Hester ń wí lábẹ́ èémí. Òfin ọ̀gá ni pé ẹnìkan kì í ya ẹnìkejì sílẹ̀ lórí ìlà, ṣùgbọ́n Dinah yà á sílẹ̀, fìì. Etí Bramble dìde. Ìka Hester ń yún un láti fà. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ọrùn ẹṣin, ó fi wọ́n síbẹ̀. Bramble fà, ọrùn ara rẹ̀ ló bá jà. Ó fà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sú u. Bó ṣe ń rọra sáré bọ̀ náà ló ṣe sáré dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó dúró lókè. Ọ̀gá wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn o, ìyá àgbà," ni Dinah wí. "Ẹṣin lẹ gùn ni, àbí àga?"

Èsì ti dé orí ahọ́n Hester, ó mú bí abẹ. Àmọ́ ẹnu àìmẹ́nu ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó fọwọ́ lé ọrùn Bramble, ó gbé èsì náà mì.

Lọ́sàn-án, ọ̀gá mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ iṣẹ́ ọ̀la sára pátákó. Níwájú Bramble: Kearton. Níwájú Dinah: kíkó ìgbẹ́ ẹṣin.

Ẹ̀rín gbọn Hester nínú. Ó kó ìyẹn náà níjàánu, títí ó fi dé ẹ̀yìn ilé.