Ogún Kọ́là ní Wákàtí Kan

"Akọ̀wé, ibí yìí ṣófo." Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fi ìka lu ìwé tó wà lórí tábìlì. "Gbogbo ibi yòókù lo kọ nǹkan sí. Ibi tó yẹ kí o ti sọ ohun tó fà á, o fi í sílẹ̀ gbayawu."

Akọ̀wé kò tíì jókòó. Iṣẹ́ tirẹ̀ nílé-iṣẹ́ aránṣọ náà ni láti mọ iye tó yẹ kí nǹkan gbà, kí ó sì fi wé iye tó gbà gan-an: aṣọ tó yẹ kó lọ sára ẹgbẹ̀rún ṣẹ́ẹ̀tì, òwú tó yẹ kó lọ, wákàtí tó yẹ kó lọ. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, òun ni yóò ṣàlàyé. Lóṣù yìí, aṣọ dọ́gba, òwú dọ́gba. Wákàtí ni kò dọ́gba. Òṣùwọ̀n ní kí obìnrin kọ̀ọ̀kan máa rán ogún kọ́là ní wákàtí kan. Mẹ́rìnlá péré ni wọ́n ń rán. Ọdún kẹta rèé tó ti ń rí bẹ́ẹ̀, ó sì ti sú àwọn tó ga ju ọ̀gá lọ.

"Ẹ jẹ́ kí n tún un wò, sà."

"Kí lo tún fẹ́ wò? Ọ̀lẹ ni wọ́n. Kọ ọ́ síbẹ̀ kí n rí nǹkan sọ. Wọ́n ní kí n yọ àwọn mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn kéré jù kúrò, kí àwọn tó kù lè gbọ́n." Ọ̀gá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìjókòó kẹsàn-án ni iṣẹ́ rẹ̀ kéré jù pátápátá. Ìyàwó rẹ nìyẹn, àbí?"

"Òun ni, sà."

"Èmi náà ní ìyàwó nílé, n kì í ṣe ìkà. Fo tìẹ, kí o fi ẹni kẹrin dípò. Mú ìwé náà wá fún mi kí a tó ṣíwọ́ lọ́la."

Ẹni kẹrin ni Màmá Onígíláàsì. Màmá yìí ló kọ́ ìdajì àwọn obìnrin inú gbọ̀ngàn bí a ṣe ń yí igun kọ́là tí kò fi ní ṣù jọ. Òun náà ló kọ́ ìyàwó Akọ̀wé. Bí Akọ̀wé ṣe ń gba àárín àwọn ẹ̀rọ kọjá, Màmá ló kọ́kọ́ rí i.

"Ọkọ wa! Ṣé o ti bá wa bẹ aago yẹn? Eré tó ń sá ti pọ̀ jù fún egungun arúgbó."

"Mò ń bẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, Màmá."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ orí mọ́ iṣẹ́ lórí ìjókòó kẹsàn-án, ó ń fi ọwọ́ òsì ti aṣọ, ó sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe bí ẹni ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan gbà pé láti ìgbà tó ti fẹ́ akọ̀wé ni kò ti kánjú mọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọrùn ọwọ́ òun ń dun òun, nítorí ẹni tí ọwọ́ ń dùn kì í pẹ́ nílé-iṣẹ́ yẹn.

Ká má purọ́ fúnra wa, ẹ̀bi Akọ̀wé ni. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ní kó dúró ti èèyàn mẹ́wàá fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kó ka iye kọ́là tí wọ́n ń rán. Ẹnì kan ló dúró tì. Wákàtí kan ni, lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ara ṣì le, tí ẹ̀rọ ṣì tuntun. Lẹ́yìn náà ló kọ orúkọ èèyàn mẹ́wàá sínú ìwé. Kì í ṣe pé ọ̀lẹ ń ṣe é. Ọmọbìnrin tó wà lórí ìjókòó kẹsàn-án ló wù ú, kò sì rí ẹ̀tàn mìíràn tó lè fi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ́. Ọmọbìnrin náà rán ogún. Wọ́n ti di tọkọtaya báyìí, ogún yẹn sì ti di àjàgà fún gbogbo gbọ̀ngàn.

Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ ti ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú abọ́ omi gbígbóná. Ọmọ wọn ti sùn lọ lórí àga. Akọ̀wé sọ gbogbo ohun tí ọ̀gá wí, kò fi ìkankan pamọ́.

"Ìwọ ni mo ń ránṣọ fún lọ́jọ́ yẹn," ìyàwó rẹ̀ wí. "Mo rò pé o mọ̀. Mi ò wẹ̀yìn, mi ò mumi. Nígbà tí o lọ tán, ńṣe ni ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mẹ́sàn-án ni mo rán ní wákàtí kan."

"O ò sọ fún mi."

"Ta ló máa ń sọ irú ẹ̀ fún ẹni tó ń wù ú?"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Tí mo bá ní òṣùwọ̀n ni kò dáa, wọ́n á bi mí bí mo ṣe ṣe é. Irọ́ tí mo kọ á jáde. Wọ́n á lé mi."

"Tí o ò bá wá sọ ńkọ́?"

"Màmá á lọ, àti àwọn méjì yẹn."

Ìyàwó rẹ̀ yọ ọwọ́ kúrò nínú omi, ó sì rọra fi aṣọ wé e. "Kọ Màmá síbẹ̀."

"Kí lo sọ?"

"O gbọ́ mi. Àwọn ọmọ Màmá ti dàgbà, wọ́n lè bọ́ wọn. Ta ló máa bọ́ tiwa? Ta ló máa gbà mí síṣẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ yìí?" Ó bú sẹ́kún. "Màmá ni wọ́n kọ́ mi níṣẹ́, mo mọ̀. Ọlọ́run á dárí jì mí. Ṣáà kọ ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Akọ̀wé mú bírò, ó sì kọ ọ́: ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ náà kéré lójú àyè ńlá tí wọ́n fi sílẹ̀. Ó wo gbọ̀ngàn láti ojú fèrèsé. Ogójì obìnrin ló tẹrí ba sórí ẹ̀rọ, kò sí ẹnì kan tó ń wòkè. Ojú tì í gidigidi. Ó fa ìlà sórí ọ̀rọ̀ náà, ó sì kọ òótọ́, láti orí ìjókòó kẹsàn-án dé orí èèyàn mẹ́wàá tí kò dúró tì rí.

Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bú àwọn obìnrin yẹn," ó wí. Kò pariwo, ìyẹn ló sì bani lẹ́rù jù. "Ó dáa. Láti ọjọ́ Ajé, mẹ́rìnlá ni òṣùwọ̀n. Ó rọrùn kí n sọ fún wọn lókè pé ẹnì kan ló purọ́ ju kí n sọ pé ogójì èèyàn ń ṣọ̀lẹ. Arúgbó yẹn á dúró, àwọn méjì yẹn náà á dúró."

Akọ̀wé mí kanlẹ̀.

"Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìwọ á lọ lónìí. Ìyàwó rẹ náà á lọ."

"Sà, kò mọ nǹkan kan nípa ohun tí mo kọ."

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ṣe ogún yẹn. Ta ló máa gbà pé kò mọ̀?"

Nígbà tí Akọ̀wé dé ẹ̀gbẹ́ ìjókòó kẹsàn-án, ìyàwó rẹ̀ wo ojú rẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sétí rẹ̀, ó sọ fún un.

"Àwa méjèèjì?"

"Àwa méjèèjì."

"Mo ní kí o kọ Màmá."

"Mo gbọ́. Mi ò lè kọ ọ́."

"Inú ń bí mi sí ọ," ó wí jẹ́jẹ́. "Á sì pẹ́ kó tó tán."

Màmá Onígíláàsì ti ń wò wọ́n láti ìjókòó kejì. "Ọkọ wa, ẹ má ṣe ìfẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ o! Àbí o tún fẹ́ wọn ọmọ ọlọ́mọ ni?"

Àwọn obìnrin tún rẹ́rìn-ín. Ìyàwó Akọ̀wé dìde, ó kó síṣọ́ọ̀sì rẹ̀ sínú báàgì.

"Ó wá mú mi lọ sílé ni, Màmá. Ọwọ́ ń dùn mí."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́."

Màmá bọ́ gíláàsì, ó fa ọwọ́ náà mọ́ra, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó wú. "Ó ti rí báyìí, o ò sì sọ fún mi? Èmi tí mo kọ́ ọ!" Ó mi orí. "Lọ tọ́jú ẹ̀, má kánjú. Màá máa bá ọ rán díẹ̀ mọ́ tèmi títí wàá fi dé."

"Ẹ ṣé, Màmá," ìyàwó Akọ̀wé wí. Kò lè wo ojú rẹ̀.