Ọwọ́ Ta Ló Ya Ewé Yìí?

Ohun kan ṣoṣo ni Ayàwòrán fẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì: kí wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ewé tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà. Kì í ṣe torí àṣehàn. Ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́ kó sinmi. Màmá kò kàwé, ṣùgbọ́n ó ti mọ bí orúkọ ọmọ rẹ̀ ṣe máa ń rí lórí ìwé. Nígbàkígbà tí ilé iṣẹ́ ìwádìí ewéko bá ti tẹ ìwé tuntun jáde, a máa yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, a ní, "Tìẹ dà ńbẹ̀?"

Ọ̀gá àkọ́kọ́ tó bá ṣiṣẹ́ kò fẹ́ràn ewé orí igi. Ó ní ewé orí igi a máa ya, a máa pọ́n, kòkòrò a sì máa jẹ ẹ́. Kò níwà ọmọlúàbí. Nítorí náà, Ayàwòrán a kó ogún ewé sórí tábìlì, a mú etí eléyìí, a mú ìdí tọ̀hún, a fi ya ọ̀kan tó pé pérépéré, irú èyí tí kò hù rí lórí igi kankan láyé. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní òtítọ́. Nígbà tó bèèrè orúkọ rẹ̀, ọ̀gá wò ó tàánútàánú.

"Arábìnrin, Ọlọ́run ló ya ewé. Gègé lásán lẹ jẹ́."

Gègé bá lọ sílé lọ wá nǹkan sọ fún ìyá rẹ̀.

Ọ̀gá kejì gbé kámẹ́rà dé, ó sì fẹ̀sùn kan ọwọ́ ọmọ ènìyàn. Ó ní irọ́ ni ọwọ́ ń pa, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò ní ìyá, tí kò ní ọ̀rẹ́, kò lè ṣègbè. Kí ẹni tó ń ya fọ́tò má baà yan ewé tó wù ú, wọ́n á fi aṣọ dúdú dì í lójú, á ki ọwọ́ bọ inú agbọ̀n, èyí tó bá kọ́kọ́ bà, òun náà nìyẹn. Kí la ti gbọ́! Àwọn àgbà onímọ̀ tó kàwé títí irun fi tán lórí wọn wá ń di ara wọn lójú kí wọ́n lè ríran. Ayàwòrán nìkan ló rẹ́rìn-ín, ni wọ́n bá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń lẹ àmì mọ́ páálí.

Nígbà tó kan ewé ikọ́, ewé tí kòkòrò ti lu níhò mẹ́ta ni ọwọ́ kọ́kọ́ bà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, torí ẹ̀rọ kì í purọ́. Kò pé ọdún kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń da ewé tó dára nù, wọ́n ní ihò rẹ̀ kò pé mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ fi abẹ́rẹ́ lu tirẹ̀ kó lè yege.

Ọ̀gá kẹta ló wá ṣàwárí, lẹ́yìn ìpàdé mẹ́rìnlá, pé ojú wà lórí ènìyàn. Ṣebí ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò sì pe ìpàdé lé e. Ọ̀gá ní kámẹ́rà ń rí ohun gbogbo, kò mọ èyí tó ṣe pàtàkì. Àfi ojú tó mọṣẹ́. Wọ́n bá sáré lọ pe Ayàwòrán nídìí páálí. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ọdún méjì ló fi tún gbogbo ewé inú ìwé náà yà, pàápàá ewé ikọ́ àti ewé májèlé tó jọ ọ́ bí ìbejì. Irun wẹ́wẹ́ abẹ́ ewé májèlé náà nìkan ni èèyàn fi lè dá wọn mọ̀.

"Lọ́tẹ̀ yìí," ni ọ̀gá wí, "orúkọ ẹni tó lójú gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀."

Ó sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ti ọ̀gá ni.

"Ẹ má bínú, Mà," ló sọ nígbà tí Ayàwòrán bèèrè. "Ilé iṣẹ́ ló kọ́ ojú yín níṣẹ́, èmi sì ni olórí ilé iṣẹ́."

Inú bí Ayàwòrán.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó ìwé náà jáde, ó mú ìyá rẹ̀ dání lọ sí gbọ̀ngàn, ó fi í jókòó síwájú. Ojú màmá ti ṣú nígbà yẹn, kò ríran mọ́. Ó kàn ń fọwọ́ pa ìwé tó wà lórí itan rẹ̀ ni. Olùkọ́ kan dìde láàárín èrò, ó mú ewé méjì lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ń wúkọ́. Èwo ni kí n sè fún un níbí?"

Ọ̀gá wo ti ọ̀tún, ó wo ti òsì. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìlọsíwájú ìmọ̀. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí ti òsì.

Ká ní kì í ṣe ọmọ ló ń wúkọ́ ni, Ayàwòrán ì bá jókòó jẹ́ẹ́ kó máa gbádùn ara rẹ̀. Ó fò dìde.

"Ẹ má sè é o! Májèlé nìyẹn. Ẹ yí i padà, ẹ wo irun abẹ́ rẹ̀. Ti ọ̀tún ni kẹ́ ẹ sè."

Olùkọ́ yí ewé náà padà, ó sì jù ú sílẹ̀ bí ẹni tó di iná mú. "Ta ló ń bá wa sọ̀rọ̀, Mà?"

Ayàwòrán dá orúkọ rẹ̀ fún wọn ketekete, ó fi ti bàbá rẹ̀ kún un. Ó ní, "Èmi ni mo ya gbogbo ewé inú ìwé yẹn."

Ọ̀gá ń wo ilẹ̀. Ìyá Ayàwòrán pa ìwé orí itan rẹ̀ dé.

"Tún un dá," ni màmá wí, "kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà lè gbọ́."