Ìyẹ́ Lórí Àgádágodo

"Tú u," ni Sájẹ́ǹtì Ẹkúndayọ̀ wí. Ó tẹ́ ẹ̀wù ìṣọ́ rẹ̀ sórí tábìlì Àrẹ̀mú, ó sì fi ìka lé ìyẹ́ méjì tó wà ní àyà ẹ̀wù náà. "Èyí ni kí o tú. Jẹ́ kí àgádágodo wà níbẹ̀."

Àrẹ̀mú gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó wo ìyẹ́ náà, ó wo ojú Sájẹ́ǹtì, ó tún wo ìyẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló rán an síbẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀. Ó fi òwú funfun yí etí rẹ̀ po dáadáa, kí fífọ̀ má baà tètè bà á jẹ́.

"Bàbá, kí ló dé?"

"Ṣé o ò mọ ohun tó dé ni?"

Àrẹ̀mú mọ̀. Moniya mọ̀, Ìrókò mọ̀, àwọn ọlọ́kadà tó ń ná ọ̀nà ìlú méjèèjì wá mọ̀ ju gbogbo ayé lọ.

Iṣẹ́ télọ̀ ni Àrẹ̀mú ń ṣe ní Moniya, ṣùgbọ́n báàjì rírán ló sọ ọ́ di ẹni àmúsọ̀rọ̀. Ní gbogbo agbègbè Akínyẹlé, àfi bí ẹni pé ènìyàn kò tíì dàgbà bí kò bá ní yúnífọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ kan nílé. Àwọn ọdẹ ní tiwọn, ọmọ ogun ìjọ ní tiwọn, àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn ṣọ́ ìlú náà ní tiwọn. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ní láti wá ibi tí yóò lẹ báàjì àtijọ́ mọ́ lára ẹ̀wù tuntun. Ọ̀dọ̀ Àrẹ̀mú ni gbogbo wọn ń kó o wá. Bó bá sì ti rán an tán, yóò gbé e sókè, yóò kà á bí ẹni ń ka àrokò.

Kíkà yìí kò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ ló máa ń ka àrokò fún baálẹ̀ Ìrókò láyé ọjọ́un. Bí ẹnìkan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́, bàbá náà yóò ní, "Ó ní ọkàn òun fà sí yín." Àrẹ̀mú kò kọ́ iṣẹ́ náà o. Ẹ̀fẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ nìkan ló jogún. Ọdẹ kan lẹ fèrè mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìgalà lórí èjìká, Àrẹ̀mú kà á: "Ẹran ti lọ, ẹ wá gbọ́ orin." Ọ̀gá ọmọ ogun ìjọ Aládùúrà kan gbé kàkàkí sábẹ́ àgbélébùú, Àrẹ̀mú ní, "Ẹni tó bá fẹ́ sùn, kó yáa lọ sí ìjọ mìíràn." Ti sójà tó ní ìlà mẹ́ta tó ṣe igun lápá ńkọ́? "Ẹnu mẹ́ta ló là sílẹ̀ yẹn, kò sí eyín nínú ọ̀kankan." Àwọn tó ni báàjì gan-an ló ń rẹ́rìn-ín jù. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń bínú bí kò bá ka tiwọn.

Ìgbà tí wọ́n fi Sájẹ́ǹtì Ẹkúndayọ̀ ṣe olórí ìṣọ́ ní Ìrókò ló kó ìyẹ́ rẹ̀ wá, ó wé e sínú áńkáṣíìfù. Ìyẹ́ tí ìjọba ń fún àwọn sójà tó ń fò bọ́ láti inú ọkọ̀ òfuurufú ni. Àgádágodo sì ni àmì ẹgbẹ́ ìṣọ́ Ìrókò. Àrẹ̀mú rán ìyẹ́ sókè, àgádágodo wà nísàlẹ̀. Ó fi eyín gé òwú, ó gbé ẹ̀wù náà sókè kí gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lè rí i.

"Ìyẹ́ lórí àgádágodo!" ló wí. "Ó ní: 'Bí olè bá dé, èmi ó fò ní tèmi, ẹ yáa ti ilẹ̀kùn yín!'"

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Gbọ́njúbọ́lá tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti gun ọ̀kadà dé Ìrókò.

Bó bá mọ bẹ́ẹ̀, kò burú. Àfi bí olè ṣe wọ Ìrókò ní tòótọ́, tí wọ́n kó gbogbo ewúrẹ́ Bàbá Ògúntìmẹ́hìn lọ. Ajá ń gbó ní ìhà ọ̀nà oko, Sájẹ́ǹtì sì kó àwọn ọmọ ìṣọ́ lọ síbẹ̀. Ìhà kejì ni olè gbà wọlé. Kò sí ẹni tó lè wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tó bèèrè ibi tí Sájẹ́ǹtì wà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "Ṣé Àrẹ̀mú kò kúkú ti kà á? Bàbá ti fò." Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

"Ẹ̀fẹ̀ ni mo ṣe," ni Àrẹ̀mú wí báyìí.

"Èmi mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ṣé àwọn mọ̀?" Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. "Lánàá, mo dá ọlọ́kadà kan dúró kí n lè yẹ ẹrù rẹ̀ wò. Àwọn ọmọ méjì tó gbé sẹ́yìn na apá, wọ́n ń jù ú fìrì-fìrì bí ẹyẹ. Wọ́n ní, 'Bàbá, ẹ fò o!' Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Àwọn ọmọ ìṣọ́ tèmi náà ń fi ọwọ́ bo ẹnu."

"Ẹ máa bínú, bàbá."

"Ọjọ́ Àìkú ni ìpàdé. Oyèkúnlé, alága ẹgbẹ́ ìlú, ní àwọn ará ìlú yóò nawọ́ bóyá kí n ṣì máa ṣe olórí ìṣọ́ tàbí kí n fi í sílẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí ìyẹ́ lára mi níbẹ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, Àrẹ̀mú, iṣẹ́ yìí nìkan ló ń mú mi wọ bàtà. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, kí ni n ó tún máa jí ṣe?"

Ó dun Àrẹ̀mú dé egungun. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ni Sájẹ́ǹtì. Òun ló gbé Àrẹ̀mú léjìká lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí ejò bù ú jẹ ní kékeré. Òwe ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni níí bá. Òkò tirẹ̀ kò tilẹ̀ dé ọjà kó tó ba ará ilé.

Ó ká ẹ̀wù náà, ó dá a padà fún bàbá. "Mi ò ní tú u. Ẹ wọ̀ ọ́ wá sí ìpàdé bó ṣe wà yìí. N ó wà níbẹ̀. Ẹnu tó bà á jẹ́ náà ni yóò tún un ṣe."

"Bó o bá lè ṣe é," ni bàbá wí, ó sì gba ẹ̀wù rẹ̀ lọ.

Gbọ́njúbọ́lá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí àtẹ rẹ̀. "Kí lo fẹ́ lọ sọ fún wọn?"

"Òótọ́ ni n ó sọ. Kí tún ni?"

"Èmi tí mò ń bá ọ jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, mi ò mọ ìgbà tí o bá ń ṣeré àti ìgbà tí o ò ṣeré. Àwọn wo ló máa wá mọ̀ ọ́n ní Ìrókò?"

"Wọ́n á mọ̀ ọ́n lójú mi," ni Àrẹ̀mú dáhùn.

Kíláàsì ilé ìwé ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Àwọn àgbà jókòó síwájú, àwọn ọ̀dọ́ wà lẹ́yìn, àwọn mìíràn jókòó sójú fèrèsé. Sájẹ́ǹtì Ẹkúndayọ̀ dá jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì kan, ó ti lọ ẹ̀wù ìṣọ́ rẹ̀, ó gún régé. Oyèkúnlé alága kan tábìlì, ó ní Àrẹ̀mú télọ̀ ní ọ̀rọ̀ sọ.

Àrẹ̀mú ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ni. Kò tíì la ẹnu, ẹnìkan ti ń rẹ́rìn-ín nídìí fèrèsé.

"Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Mo wá kó ọ̀rọ̀ mi padà ni. Ìyẹ́ tó wà láyà Sájẹ́ǹtì kì í ṣe ìyẹ́ ojo. Ìyẹ́ akin ni. Wọ́n fò bọ́ láti inú ọkọ̀ òfuurufú, nínú afẹ́fẹ́ lásán, nígbà tí àwa ń bẹ̀rù àtigun ọ̀pẹ."

"Ọkọ̀ òfuurufú!" ni Jonathan ọlọ́kadà kígbe láti ẹ̀yìn. "Wọ́n fò bọ́ sórí ewúrẹ́!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín gbàà. Ẹnìkan ní, "Àrẹ̀mú, tún un kà!" Òmíràn ní kí ó ka ti alága náà.

"Mi ò ṣeré," ni Àrẹ̀mú wí. Òógùn bò ó. "Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Mo fi ẹ̀fẹ̀ ba ẹni ẹlẹ́ni lórúkọ jẹ́. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn."

"Ẹ wo ojú ẹ̀!" ni Jonathan tún wí, ó ń fọwọ́ lu itan. "Ẹ wò ó bó ṣe fún un pọ̀!"

Omijé dé ojú Àrẹ̀mú. Kò lè dá a dúró. Bó ṣe ń sunkún ni ẹ̀rín wọn ń ga sí i, nítorí wọn kò rí i kí ó sunkún rí, wọ́n sì gbà pé eré tuntun ló gbé dé. Ó kúnlẹ̀. Èyí ló wá pa wọ́n jù. Obìnrin kan ní kó má pa òun o.

Bàbá Ògúntìmẹ́hìn tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀ gbé ló gbé ọ̀pá sókè. "Ẹ dákẹ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi." Ilé dákẹ́. "Mo mọ bàbá bàbá ọmọ yìí. Àrokò tó bá kà fún baálẹ̀, mi ò rí ọ̀kan tó yẹ̀ nínú rẹ̀. Nǹkan ìdílé ni. Ó lè gba ẹnu ọmọ yìí jáde kí òun fúnra rẹ̀ má mọ̀. Kó tó kà á, ewúrẹ́ mi pé. Lẹ́yìn tó kà á, mélòó ló kù?"

"Bàbá, irọ́ ni! Orí ara mi ni mo ti sọ ọ́!"

"Bẹ́ẹ̀ lò ń rò. A kì í ka àrokò tán kí a tún ní kó padà sínú àpò."

Àrẹ̀mú wò yíká. Àwọn ọ̀dọ́ kò gbà pé ó ń sọ òótọ́ lónìí; àwọn àgbà kò gbà pé eré ló ṣe níjọ́sí. Kò sí ẹnìkan nínú kíláàsì náà tí ó tún lè bá sọ̀rọ̀. Ẹnu tó ti fi ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín láti ọjọ́ pípẹ́ di ohun tí kò wúlò fún un mọ́.

"Ó dáa," ni Oyèkúnlé wí. "Ẹni tó bá fẹ́ kí Sájẹ́ǹtì fi ipò sílẹ̀, kó nawọ́..."

"Ẹ má wulẹ̀ nawọ́." Sájẹ́ǹtì Ẹkúndayọ̀ ti dìde. Ó ń tú bọ́tìnnì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò kánjú. Ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó ká a bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní bárékè, igun kan igun, ó gbé e ka iwájú alága. Síńgílẹ́ẹ̀tì funfun ló kù lára rẹ̀. Ẹ̀rín tí àwọn kan ti gbà sẹ́nu kò lè jáde mọ́.

"Dìde nílẹ̀, Àrẹ̀mú," ló wí, ó sì jáde.

Àrẹ̀mú sáré tẹ̀lé e. Ó ti bọ́ bùbá tirẹ̀ kó tó lé e bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, ó nà án sí i kí ó fi bo ara.

"Wọ ẹ̀wù rẹ," ni bàbá wí. Àrẹ̀mú kò wọ̀ ọ́. Wọ́n ń lọ bẹ́ẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń yan gàrí ń kí wọn, bàbá sì ń jẹ́ wọn lóhùn bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé rẹ̀, ó dúró.

"Àrẹ̀mú."

"Sà."

"Lọ́jọ́ tí o kà á, ṣé ó pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

Ó wu Àrẹ̀mú láti purọ́. "Ó pa mí lẹ́rìn-ín, sà."

Bàbá mi orí. "Èmi náà. Mo rẹ́rìn-ín láti Moniya dé ìhín. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Ìrókò, nídìí ayò. Ọlọ́kadà kankan ò tíì sọ ọ́ nígbà yẹn. Mo ní kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí ọmọ ọ̀rẹ́ mi sọ sí mi."

"Bàbá..."

"Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti jókòó láàrin àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Inú mi dùn lọ́jọ́ náà o. Mi ò lè purọ́. Inú mi dùn gan-an."

Ó wọlé, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Àrẹ̀mú dúró níta, bùbá lọ́wọ́. Ó jókòó sórí òkúta tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó pinnu pé bí ilẹ̀kùn náà kò bá ṣí lónìí, òun yóò padà wá lọ́la, òun yóò jókòó ti bàbá náà, òun kò sì ní sọ nǹkan kan.