Ọsàn Kérésìmesì Keziah

Lọ́jọ́ Kérésìmesì, Gathercole olówó wá pín ọsàn nílé tí ìlú kó àwọn aláìní sí. Òun ló pàṣẹ pé kí tọkọtaya má gbé pọ̀ níbẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ti yí òun lọ́kàn padà. Ó na ọsàn kan sí Keziah arúgbó.

"Ìyá, ẹ ò ní dúpẹ́ ni?"

Keziah ń gbọ́ ikọ́ Enoch, ọkọ rẹ̀, lẹ́yìn ògiri, níbi tí wọ́n kó àwọn ọkùnrin sí.

"Kí n dúpẹ́ kẹ̀? Ogójì ọdún la fi jọ sùn kẹ́ ẹ tó pín wa níyà. Ṣé ọsàn ló máa bá mi fọwọ́ pa á lẹ́yìn? Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

"Òfin ni, Ìyá."

"Ta ló ṣe é?"

Gathercole gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ilé náà, ó nà án sí i. Keziah já a gbà, kò dúpẹ́.