Ara Joju, Apá Àgbárá

4.

…ìdí nìyẹn tí apá kò fi wọ ara.

Ruqoyah, aránṣọ Joju ní Ọ̀tà, gbé aṣọ akọrin náà sókè. Apá tí Ephraim, ẹni tí wọ́n jọ ń dòwò, rán ní Àgbárá kéré sí ihò tí òun gé dè é. Bí ìgbà tí àgbà fẹ́ ti ẹsẹ̀ bọ bàtà ìkókó.

Sátidé ni akọrin ìjọ kan fẹ́ wọ̀ ọ́. Bó bá yẹ wọ́n, iṣẹ́ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́yege ní yunifásítì ìjọ náà di ti Ruqoyah àti Ephraim. Bí kò bá yẹ wọ́n, òwò fọ́ nìyẹn.

5.

MÙÍBÁTÙ, Ẹ̀GBỌ́N RẸ̀: O rí ojú Ephraim ọ̀hún rí?

RUQOYAH: Orí Wásáàpù la ti pàdé.

MÙÍBÁTÙ: Fọ́tò máṣíìnì ló wà níbẹ̀. Ṣé máṣíìnì lo bá dòwò pọ̀?

RUQOYAH: Ẹ̀gbọ́n mi, máṣíìnì kì í sá lọ.

6. ÀDÉHÙN

Ephraim á máa wá iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, á máa rán apá.

Ruqoyah á máa rán ara, á máa kàn wọ́n pọ̀.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ẹnìkejì lásìkò ìrun tàbí ìsìn.

(Ní Ọ̀tà, wákàtí mélòó ló kù?)

7.

EPHRAIM: Alájà, ogún íǹṣì lẹ ní. Ogún ni mo gé.

RUQOYAH: Mi ò tíì dé Mẹ́kà. Tépù yín ló ń purọ́.

EPHRAIM: Ó ti wọn gbogbo Àgbárá, aṣọ ò fún ẹnikẹ́ni pa.

RUQOYAH: Ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

8.

Eku ti jẹ orí tépù. Ibi oókan ló ti bẹ̀rẹ̀.

Tépù yẹn kan náà ni Ephraim fi ń wọn oníbàárà, òun ló fi ń wọn aṣọ. Irọ́ méjì pàdé, wọ́n di òótọ́.

Ruqoyah rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá gbé tépù tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà.

Tirẹ̀ ti nà.

9.

Ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí ìpàkọ́ ẹni.

10.

RUQOYAH: Bọ̀dá Ephraim, tèmi náà kò pé.

EPHRAIM: Alihamudulilahi.

RUQOYAH: Ṣé ẹ ti yí padà ni?

EPHRAIM: Inú ló dùn, Alájà.

RUQOYAH: Ẹ sọ tépù nù. Mo ti fi okùn yí ihò apá po, mo gé e. Bó ṣe gùn mọ ni kí ẹ gé.

11. OHÙN JÌBÍRÍLÙ, ONÍMỌ́TÒ

"Àǹtí, okùn yín ti dé ọwọ́ wọn. Mo kàn fi so bùútù díẹ̀ ní Lùsádà ni. Kò já."

12.

Ọjọ́ Ẹtì. Àpò kan dé láti Àgbárá, wọ́n so ẹnu rẹ̀ pinpin.

ADÉBÙKỌ́LÁ, OLÓRÍ AKỌRIN: Ìjọ kan fẹ́ yá wa láṣọ o. Ṣé ká gbà á?

Ruqoyah tẹ èsì ránṣẹ́: Ẹ má gbà á. Aṣọ yín ti ṣetán.

MÙÍBÁTÙ: O ò tíì tú àpò.

RUQOYAH: Mo mọ̀.

13.

Ó wá na ọwọ́ sí ẹnu àpò.

Okùn tí Ephraim fi so ó: okùn tí Ruqoyah fi wọn ihò apá ni.