Nọ́ńbà Àpótí Ìbọn

"Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ péré!" Verlin Stauffer na ìka mẹ́jọ sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá nínú gbọ̀ngàn àwọn panápaná lè rí i. "Kí olè tó gbé ẹsẹ̀ kejì wọ ilé mi, ìbọn ti wà lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn. Ẹni tí kò bá lè dáàbò bo ìyàwó rẹ̀, kó yáa lọ wọ síkẹ́ẹ̀tì!"

Àwọn ọkùnrin ìlú Harlan Mills fi bàtà lu ilẹ̀ gbì-gbì. Lorna Pruitt, obìnrin tí òun àti Verlin jọ ń du ipò kan náà nínú ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, dúró kí ariwo náà rọlẹ̀ kó tó fa makirofóònù mọ́ra.

"Verlin, èmi náà ní ìbọn méjì nílé. N ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kó tiẹ̀ dànù. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìbọn kọ́ ló ń sọ èèyàn di ọkùnrin. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, èmi nìkan ti tó ọkùnrin méjì."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Verlin wo ìyàwó rẹ̀, Noreen, ní ìlà àkọ́kọ́, ó rò pé á ti fa ojú ro nítorí tòun. Noreen ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé ẹ̀rín. Ẹ̀rín obìnrin yìí! Láti ọjọ́ tó ti ń gbọ́ ọ, bó bá ti rín in báyìí, àyà Verlin a máa já bí ẹni tó tàsé àtẹ̀gùn. Àfi pé lónìí, òun ni wọ́n ń fi rín.

Ara ta á. "Ó dáa! Kí oníròyìn wá sílé mi ní Sátidé, kó mú aago lọ́wọ́. Màá dìde lórí àga, màá ṣí àpótí, màá yọ ìbọn. Ẹ óò rí i!"

Gretchen, ọmọbìnrin tó ń kọ ìròyìn fún ìwé ìròyìn àdúgbò, ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí Verlin tó jókòó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Verlin lọ síwájú àpótí irin tó kó ìbọn rẹ̀ sí, kó lè fi dánra wò. Ó tẹ nọ́ńbà. Iná pupa. Ó tún un tẹ̀. Iná pupa.

"Noreen! Àpótí yìí ti bàjẹ́ o!"

"Kò bàjẹ́," Noreen dáhùn láti ilé ìdáná, níbi tó ti ń bó èso ápù. "Mo yí nọ́ńbà rẹ̀ padà ni."

"Ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́."

Verlin rò ó. Yìnyín yọ́ ní oṣù kẹrin. Oṣù kẹwàá la wà yìí.

"Ṣé o rí i báyìí," ni Noreen wí, ọ̀bẹ rẹ̀ kò dúró, "oṣù mẹ́fà gbáko lo ti ń fi ẹnu lásán dáàbò bò mí."

"Kí ni nọ́ńbà náà, olólùfẹ́ mi?"

"Ọjọ́ ìgbéyàwó wa."

Verlin bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka oṣù.

Noreen gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ wàyí. "O mọ iye ọta tó wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan. O mọ ọjọ́ tí o ra ìbọn kọ̀ọ̀kan àti bí òjò ṣe rọ̀ lọ́jọ́ náà. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó wa pé, mo sun ẹran ẹlẹ́dẹ̀, mo tan àbẹ́là, mo wọ aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn, ìwọ wà lóko pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, ẹ ń yìnbọn lu agolo. Èmi àti ajá la jẹ ẹran náà. Lọ́dún yìí ẹ̀wẹ̀, o tún gbàgbé. N ò ní sọ ọjọ́ náà fún ọ. Tí Sátidé bá dé tí o kò mọ̀ ọ́n, màá lọ máa gbé lọ́dọ̀ Joyce àbúrò mi ní Erie. N ò lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lórí pèpéle mọ́ kí o máa pè mí ní obìnrin tí ò ń ṣọ́."

Kò pariwo rárá. Ohun tó dẹ́rù ba Verlin nìyẹn.

Ó mọ̀ pé ooru mú lọ́jọ́ náà. Ó mọ̀ pé àgbàdo ti ga. Ó gbìyànjú oṣù keje, ó gbìyànjú oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀marùn-ún àpótí náà kọ̀ jálẹ̀, àfi kó dúró ogún ìṣẹ́jú. Ó wá álíbọ́ọ̀mù fọ́tò, Noreen ti gbé e pamọ́. Ó wá rántí pé wọ́n kọ ọjọ́ náà sínú òrùka ọwọ́ òun! Ó fi ọṣẹ pa ìka, ó fi bọ́tà pa á, ó fẹsẹ̀ ti ògiri, ó fà títí ìka náà fi wú bí sọ́séèjì. Òrùka kò mira.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ibì kan ṣoṣo ló kù: ilé ẹjọ́, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ìgbéyàwó gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ náà sí. Ta ló sì jókòó lẹ́yìn fèrèsé? Lorna Pruitt. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn láti ọdún méjìlá.

"Verlin! Kí lo ń fẹ́?"

"Ìwé ìgbéyàwó," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ìwọ àti ta?"

"Èmi àti Noreen ni!"

"Áà! Ṣé ẹ ò tíì ṣe é ni?"

Ọkùnrin kan tó tò sẹ́yìn Verlin rọra rẹ́rìn-ín. Verlin tẹ̀ mọ́ fèrèsé, ó sọ gbogbo rẹ̀ tán pátá. Lorna dìde, ó lọ gbé ìwé ńlá kan wá, ó sì tú u sí ojú ewé náà.

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ. Verlin ti rí ohun tó wá wá, síbẹ̀ kò lè gbójú kúrò. Ìfọwọ́sí Noreen nìyí, tó fi ìrù kékeré sẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti bi ọkọ léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, Verlin fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: *kò sí*. Kò níṣẹ́ nígbà náà. Kò ní ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló yá a ní kóòtù tó wọ̀. Ìbọn kan ṣoṣo báyìí, kò ní.

"Kí ni yóò dí ọ lọ́wọ́ láti sọ eléyìí fún gbogbo ayé?" ó bi Lorna.

"Nígbà tí ọkọ mi kú, Noreen ló di ọwọ́ mi mú. Nítorí tirẹ̀ ni, kì í ṣe nítorí tìẹ. Máa lọ."

Ní Sátidé, Gretchen dé pẹ̀lú aago àti kámẹ́rà. Báàgì ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà, Noreen sì dúró tì í, ó ti wọ kóòtù.

"Ó yá!" ni Gretchen wí.

Verlin fò dìde. Ó sáré, ó tẹ nọ́ńbà. Iná aláwọ̀ ewé! Ìlẹ̀kùn ṣí, ìbọn jáde.

"Méje!" Gretchen kígbe. "Ẹ tiẹ̀ yára ju bí ẹ ṣe wí lọ!"

Ṣùgbọ́n Noreen ni Verlin ń wò. Ojú obìnrin náà ti yọ́, ó ń dán gbinrin, ó dà bí ọmọ ogún ọdún.

"O rántí," ó wí jẹ́jẹ́.

Kí Verlin sáà dákẹ́. Gbogbo ohun tó kù fún un láti ṣe nìyẹn. Ìbọn wà lọ́wọ́, ìyàwó wà nílé, ìbò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tiẹ̀. Ìka tó wú náà ń dùn ún.

"N ò rántí," ni Verlin wí. "Lorna Pruitt ló bá mi wò ó nínú ìwé."

Bírò Gretchen dúró gbári.

"O lọ bá Lorna?" ni Noreen wí. "Ní fèrèsé?"

"Níṣojú èèyàn. Mo rí ibi tí mo kọ ọ́ sí pé n ò níṣẹ́ kankan. Noreen, kí lo rí lára mi nígbà náà?"

"Etí rẹ," ni Noreen wí. "Ó máa ń pọ́n tí o bá fẹ́ sọ òtítọ́. Ó ti pọ́n báyìí."

Verlin dá ìbọn padà, ó ti àpótí, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé báàgì náà kí ó lè gbé e padà sókè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

"Kí ló wúwo tó báyìí níbí?"

"Àwọn kátálọ́ọ̀gì rẹ, ìwé ìpolówó ìbọn yẹn," ni Noreen wí, ẹ̀rín náà sì ti ń bọ̀ lọ́fun rẹ̀. "N ò rí aṣọ kankan tí mo fẹ́ wọ̀ lọ sí Erie."

"Ṣé kí n kọ gbogbo eléyìí?" ni Gretchen bèèrè.

"Kọ ọ́," ni Verlin wí láti orí àtẹ̀gùn, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. "Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ. Má ṣì í kọ o."