Etí Tí Sixten Fi Ń Yẹ Ọkọ̀ Wò

Ọdún méjì ni Sixten fi tún ògbólógbòó ọkọ̀ onígbòkun kan ṣe. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe é, abẹ́ igi ló sì ti bá a, ewédò bò ó. Sixten gé òkè ọkọ̀ náà ṣí, ó kó pákó tó ti jẹrà láàárín awẹ́ fáíbà méjì dànù, ó ki tuntun bọ̀ ọ́, ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ó ku ọjọ́ méjì kí kíréènì ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ èbúté wá gbé ọkọ̀ gbogbo èèyàn sínú omi.

Ní èbúté yẹn, ta ni kò mọ etí Sixten? Á fi òòlù kékeré kan òkè ọkọ̀, á fetí sí bó ṣe dún, á ní ibí le, ibí ti jẹrà, ẹnikẹ́ni kì í sì í jà á níyàn. Ọ́fíìsì ìjọba ló ti fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó rántí ohun tó ṣe níbẹ̀. Etí yìí ni gbogbo iyì tó ní, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, Majbritt, gbé kọfí wá, ó bá a lórí ìkúnlẹ̀ níbi tó ti ń kan òkè ọkọ̀, tó ń mi orí bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ lọ́rùn.

“Sixten, tún ibẹ̀ yẹn kàn.”

“Èwo? Ó le koko.”

“Kò le. Ó ń dún bíi páálí.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó bi í pé láti ìgbà wo ló ti di ọ̀gá. Majbritt gba òòlù, ó kan ọ̀tún, ó kan òsì. Bákan náà ni méjèèjì dún létí ọkọ rẹ̀. Sixten dá ihò kékeré lu síbẹ̀, òfìfo ló bá. Gọ́ọ̀mù ò débẹ̀ rárá.

“Ó ti pẹ́ tí o ti mọ̀ pé etí mi ò gbọ́ dáadáa mọ́?”

“Láti Kérésì. Ìwọ náà mọ̀.”

Ó mọ̀ lóòótọ́. Ojú tì í. Àmọ́ ọkọ̀ tirẹ̀ kọ́ ló já a láyà. Ọkọ̀ Roland, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní èbúté, ni, èyí tí òun fi òòlù kàn yíká lóṣù tó kọjá, tí òun ní kò séwu. Àwọn ọmọ-ọmọ Roland ni yóò wọ̀ ọ́. Bí òkè ọkọ̀ bá jẹrà nídìí wáyà tó di òpó ìgbòkun mú, òpó lè wó lù wọ́n. Bí òun bá sì jẹ́wọ́, iyì òun ti lọ nìyẹn.

Ó ní òun ń lọ bá Roland. Majbritt ní kó fi ti Roland sílẹ̀, kó mu kọfí rẹ̀. Sixten ò gbà, ó ti ń sọ̀kalẹ̀.

Roland àti àwọn mẹ́ta mìíràn ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Sixten ì bá dúró kí wọ́n tú ká. Kò dúró.

“Roland, etí mi ti lọ. Má gba ohun tí mo sọ nípa ọkọ̀ rẹ gbọ́.”

Roland sún, ó fi àyè sílẹ̀ fún un, ó gbóhùn sókè.

“A mọ̀. Ọjọ́ kejì tí o yẹ̀ ẹ́ wò, Majbritt wá tún un kàn. Ibì kan ti jẹrà. Mo ti tún un ṣe.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Sixten wọra, ara sì tún tù ú. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀ tó ti tẹ̀ lé e débẹ̀, ó bi í léèrè ibi tó ti kọ́ ọ.

“Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jókòó tì ọ́ tí o ń kan ọkọ̀,” ni Majbritt wí.